Agolo Kẹfà Ìbídùn Olóhùn-Iyọ̀

Ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ni mo fi ṣí ìdérí agolo kẹfà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Òórùn ọtí kíkan tú jáde, ó ta mí nímú. Bí fíìmù tó ń kú ṣe máa ń rùn nìyẹn. Kì í jẹrà bí ẹran. Ṣe ló máa ń sunkì, tí á gbẹ, tí á máa kán bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú ẹ̀ẹ̀rùn, títí di ọjọ́ tí ẹni tó bá nà án yóò kàn bá èérún lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Mo fa díẹ̀ jáde, mo tẹ́ ẹ sórí gíláàsì oníná. Ogójì ihò ló máa ń wà létí fíìmù ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni eyín ẹ̀rọ ti máa ń kọ́ ọ fà. Mo kà wọ́n. Wọ́n pé ogójì, ṣùgbọ́n wọn kò dé ìlà irin ìwọ̀n mi mọ́. Tí mo bá fi irú èyí sínú ẹ̀rọ bó ṣe wà, eyín ẹ̀rọ yóò fa ihò náà ya láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

“Ọkọ Ìbídùn!” Dókúnmú kígbe láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ tirẹ̀. “Ṣé ìyàwó ti dé?”

“Ó dé. Ara rẹ̀ ni kò yá.”

“Ẹ yáa tètè tọ́jú rẹ̀ o, Bọ̀dá Tulà. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń bọ̀ wá fi èdìdì di ohùn rẹ̀. Tí agolo yìí bá ti wọ ikùn Amóhùn, ó parí nìyẹn.”

Inú ihò àpáta ní Òkè Ìdànrè la ti ń ṣiṣẹ́, nítorí òtútù ibẹ̀ kì í yí padà, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, òjò ni o. Iṣẹ́ tèmi ni kí n tún fíìmù àtijọ́ ṣe kó lè gba inú ẹ̀rọ kọjá, kí n sì fọ ohùn rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ Dókúnmú ni kó fi bọ́ Amóhùn. Ẹ̀rọ ni Amóhùn, ó ga tó àpótí aṣọ, ó ní ẹnu tóóró kan níwájú. Yóò máa gbọ́ ohùn olórin títí yóò fi mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn náà, ohunkóhun tóo bá ní kó kọ ni yóò kọ. Agolo márùn-ún péré ló tíì jẹ nínú ti Ìbídùn, ó sì ti kọ orin mẹ́tàdínlógún tí Ìbídùn kò kọ rí láyé. Fíìmù tó bá ti jẹ tán, inú ìkòkò gbígbóná tó wà lẹ́yìn ilé là ń jù ú sí, kí á lè yọ fàdákà ara rẹ̀.

Ọwọ́ mi ni mo fi ju márààrún síbẹ̀.

N kò fẹ́ràn orin tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ń tún ṣe ní Ondó kí n tó dé ibí. Ẹnì kan ló kó ẹ̀rọ fíìmù ògbólógbòó kan dànù, mo gbé e wálé, mo tú u palẹ̀, mo sì tò ó padà lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó mọ ohun tí irin kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ nìyẹn. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo ń dán agolo kìíní Ìbídùn wò, ibi tí mo lẹ̀ ni mo ń ṣọ́ kó má já; n kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Obìnrin kan dúró létí odò, ọlọ́kọ̀ kọ̀ kò gbé e sọdá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọrin sí i. Ó ní èjí. Níbi tí orin bá ti ga, afẹ́fẹ́ máa ń gba àárín eyín méjì náà jáde, á súfèé fínnífínní lẹ́yìn ọ̀rọ̀, bí ẹyẹ kékeré kan tó ń tẹ̀ lé e. Orin tán kí n tó mọ̀ pé ìka mi wà lára gílóòbù gbígbóná.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ni mo ti ń jẹun ọ̀sán. Mo mọ gbogbo orin rẹ̀, mo mọ aṣọ tó wọ̀ nínú èwo. Lọ́jọ́ tí agolo kẹta dé, ẹ̀wù tuntun ni mo wọ̀ wá síbi iṣẹ́. Dókúnmú rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin ilé iṣẹ́ wa ni pé àbùkù kò gbọdọ̀ wọ inú Amóhùn, àbùkù ni wọ́n sì pe ìfé èjí náà. Èmi ni mo fi abẹ ha á kúrò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, nínú agolo márààrún.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé yẹn kan náà, obìnrin kan yọ lẹ́nu ihò àpáta, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ibí.”

Ìlẹ̀kùn-etí mi sọ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi pé: Ṣeéfúnmi Ọláìtán, láti Àkúrẹ́, ohùn ara rẹ̀ ni.

Kò sí ẹni tí kò ní ìlẹ̀kùn-etí. Láti ọdún tí àwọn olè ti ń fi ohùn ìyá ẹni pe ẹni, tí wọ́n ń fi ohùn ọkọ tan ìyàwó jáde nílé, ni wọ́n ti gún un sétí gbogbo wa. Ọmọ tuntun, ọjọ́ ìkómọ ni wọ́n ń gún tirẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ihò yẹtí. Ohùn kan, olóhùn kan. Bí ẹnì kan bá ń lo ohùn tí ìwé kò sọ pé tirẹ̀ ni, ìlẹ̀kùn á tì í, hùn-ùn bí ẹ̀fọn nìkan lo máa gbọ́.

“Ẹ jókòó,” mo ní. “Ẹ kọ́kọ́ mu omi. Ẹsẹ̀ lẹ fi gun òkè yìí?”

“Ọkọ̀ okùn tó ń gbéni gòkè ti kún. Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, wọ́n ní ibí ni wọ́n ti ń forúkọ ohùn olórin sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá mi àgbà ni. Àwọn ni ìyá ẹgbẹ́ akọrin ní ìjọ wa. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n dìde láti dá orin, ẹnu wọn ṣí, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀fọn! Àwọn fúnra wọn ò gbọ́. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ lásán, a ń gbọ́ ọ ketekete. Tí wọ́n bá ti kọrin báyìí, ẹ̀fọn.”

“Ohùn ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, ohùn orin lọ́tọ̀ nínú ìwé,” ni Dókúnmú dá sí i. “Ẹnì kan ti forúkọ ohùn orin wọn sílẹ̀.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn! Wọ́n ní irọ́ ni. Wọ́n ní Ọlọ́run ló gba ohùn àwọn, nítorí ohun tí àwọn fi ṣe nígbà èwe. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n, Dádì, omi nìkan ni wọ́n sì ń mu láti ọjọ́ mọ́kànlá. Wọ́n ní àwọn ò ní jẹun títí Ọlọ́run á fi dáhùn.”

“Kí lorúkọ wọn?” Mo ti mọ̀ kí n tó béèrè.

“Débórà. Ìyá Ìjọ Débórà.”

“Ṣé wọ́n ní orúkọ mìíràn rí?”

Ó wolẹ̀. “Wọ́n ṣe fíìmù rí. A kì í dárúkọ yẹn nílé.”

Mo sọ fún un pé màá wò ó. Ohun tí mo sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó ní, “Ọlọ́run á gbọ́ tiyín náà, Dádì,” ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ padà sísàlẹ̀ òkè.

Nígbà tó lọ tán, mo ṣí dúrọ́ọ̀ mi, mo sì mú ìwé kan jáde lábẹ́ àwọn skurudiráfà. Inú ìdérí agolo kìíní ni mo ti bá a, oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Mo gbé e fún Dókúnmú. Ó kà á sókè:

“‘Èmi Ìbídùn, tí mo di Débórà nínú Olúwa, ni mo ni àwọn agolo wọ̀nyí. Ẹni tó bá rí wọn, kó bi mí kó tó lò wọ́n. Òkè-Àró, Àkúrẹ́.’” Ó yí ìwé náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. “Bọ̀dá Tulà. Ẹ̀yin lẹ buwọ́ lùwé pé kò sí láyé mọ́, tí wọ́n fi kọ ohùn orin rẹ̀ mọ́ Amóhùn lórúkọ.”

“Èmi ni.”

“Ẹ ní ẹ ti wá a.”

“Mo wá Ìbídùn nínú ìwé orúkọ. N kò rí i. Èwo nínú àwọn olórin tó gba Jésù ló ń jẹ́ orúkọ fíìmù rẹ̀ títí di òní? Ọmọdé mọ̀ pé n kò lè rí i. Mo fi ìka tẹ orúkọ náà kí n lè sọ pé mo wá a ni.”

“Kí ló fà á?”

“Mo ti gbọ́ orin kìíní. Bí mo bá jíṣẹ́ ìwé yìí, lọ́jọ́ yẹn gan-an ni wọ́n á kó agolo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà fún un. Mo fẹ́ gbọ́ ìyókù.”

Dókúnmú tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nà án. Ọmọ ogójì ọdún ni, ó máa ń fi gbogbo nǹkan ṣeré, ṣùgbọ́n kò ṣeré lọ́jọ́ yẹn.

“Ẹ gbọ́. Ẹni tó buwọ́ lùwé nìkan ló lè fa ìwé yọ. Tẹ́ ẹ bá fà á yọ, wọ́n á bi yín bóyá ẹ mọ̀. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ mọ̀, iṣẹ́ lọ, wọ́n á sì ti ìlẹ̀kùn etí yín mọ́ ohùn yẹn títí láé. Ẹ ò tún ní gbọ́ Ìbídùn mọ́, ì báà jẹ́ nínú Amóhùn, ì báà jẹ́ ní òde ọ̀run. Tẹ́ ẹ bá sì dákẹ́ di ọjọ́ Ẹtì, èdìdì á wọlé, kò sí adájọ́ tó lè tú u. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ dákẹ́ o. Mò ń ṣírò rẹ̀ fún yín ni.”

“Obìnrin náà kò jẹun, Dókúnmú.”

“Mo gbọ́.”

Mo kàn sọ ọ́ kí n lè gbọ́ ọ létí ara mi ni.

Ìṣòro kejì tún wà níbẹ̀, ọwọ́ mi ló sì ti wá. Adájọ́ ohùn kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Alààyè tó bá ní òun ló ni ohùn, àfi kó kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn àtijọ́, kí wọ́n fi méjèèjì wéra. Bẹ́ẹ̀ mo ti ha ìfé èjí kúrò nínú gbogbo ohun tí Amóhùn mọ̀. Bí Màmá Débórà bá kọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ Amóhùn, ẹ̀rọ ni wọn yóò pè ní ojúlówó, òun ni wọn yóò pè ní aláfarawé. Márùn-ún ti di fàdákà. Agolo kẹfà nìkan ló kù, òun náà sì nìyí tó ń rùn.

Mo wo ìlà ohùn rẹ̀ lábẹ́ awò. Létí fíìmù, ní òdìkejì àwọn ihò, ni ìlà náà máa ń wà, dúdú àti funfun, ó ń wú, ó ń rù, bí ẹni tó ya àwòrán àwọn òkè Ìdànrè láti òkèèrè. Iná ló máa ń gba ibẹ̀ kọjá tí yóò di ohùn. Nínú orin tó kẹ́yìn, ní orí àwọn òkè tó ga jù, mo rí eyín kéékèèké tó tò bí eyín òòyà. Ìfé èjí ni. Mo mọ̀ ọ́n lójú bí mo ṣe mọ̀ ọ́n létí.

Mo gé káńfọ̀ sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo gbé e sí ìsàlẹ̀ agolo, mo gbé irin oníhò lé e, mo ká fíìmù sórí rẹ̀, mo sì dé e pa. Afẹ́fẹ́ káńfọ̀ máa ń mú kí fíìmù gbígbẹ rọ̀ díẹ̀. Kì í pẹ́ títí, ṣùgbọ́n ó lè mú un la ẹ̀rọ já lẹ́ẹ̀kan. Ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún ọjọ́ kan gbáko, ọwọ́ kò gbọdọ̀ kàn án. Nítorí náà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣófo fún mi. Mo wọ ọkọ̀ okùn sọ̀kalẹ̀, mo gba Àkúrẹ́ lọ.

Orí ẹní ni Màmá dùbúlẹ̀ sí, wọ́n ti rù. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ọlọ́run kọ́ ló gba ohùn yín, Mà. Èmi ni.”

Wọ́n la ojú kan. “Ìwọ ta ni?”

“Adétulà, Mà. Mò ń tún fíìmù ṣe ní Ìdànrè. Mo rí ìwé tẹ́ ẹ kọ sínú agolo. Mo tọ́jú ìwé náà pa mọ́, mo sì buwọ́ lu ìwé mìíràn pé ẹ ti kú.”

N kò gbójú sókè.

“Ọjọ́ méjìlá ni mo fi ké pe Ọlọ́run,” ni wọ́n ní, “atún-fíìmù-ṣe ló dáhùn.” Wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara wọn dìde díẹ̀díẹ̀. “Ṣeéfúnmi! Gbé ẹ̀kọ tútù wá. Mo fẹ́ bú ẹnì kan, mo sì gbọ́dọ̀ lágbára.”

Ṣeéfúnmi sáré wá, ó ń sunkún, ó sì ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ fi igbá ẹ̀kọ náà là mí lórí. Màmá mu ìdajì. Wọ́n nu ẹnu. Eyín wọn tó kù kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjì iwájú ṣì dúró, èjí ṣì wà láàárín wọn.

“Kí ló dé tóo fi ṣe é?”

“Mo fẹ́ràn orin yín, Mà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ jù.”

“Olè tó jí adìyẹ náà fẹ́ràn adìyẹ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

“Èwo lo fẹ́ràn jù?”

Mo ní èyí tí wọ́n kọ sí ọlọ́kọ̀. Wọ́n pòṣé. “Ọlọ́kọ̀ yẹn ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n tù. Orí iyanrìn ni ọkọ̀ wà.” Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n rántí ara wọn, wọ́n sì tún fajú ro. “Dìde nílẹ̀. Ọjọ́ wo la máa lọ?”

Lọ́jọ́rú mo fi ayùn irin ha eyín àgbá tó ń fa fíìmù nínú ẹ̀rọ mi, eyín kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi bá ihò tó sunkì mu. Àgbá náà kò ní í wúlò fún fíìmù mìíràn mọ́ láé. Ihò tó ju ẹgbàajì lọ ló wà nínú orin tó kẹ́yìn nìkan. Mo yẹ gbogbo wọn wò, èyí tó bá ya, mo fi téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, mo sì lu ihò tuntun sí i. N kò fọ ohunkóhun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọwọ́ mi lọ síbi bọ́tìnnì láti gbọ́ ọ. Lílọ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù nínú fíìmù yẹn, lílọ náà kì í sì í ṣe tèmi. Mo fi ọwọ́ mi sábẹ́ itan, mo jókòó lé e, bí ọmọ ilé ìwé.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ mo gbé agolo àti ẹ̀rọ mi jáde, kí n lè lọ bá Màmá àti Ṣeéfúnmi ní kóòtù ohùn. Dókúnmú kọjú sí Amóhùn.

“Mi ò rí nǹkan kan o,” ó ní. “Iwájú ẹ̀rọ mi ni mò ń wò.”

Adájọ́ ohùn nìkan ni òfin yọ ìlẹ̀kùn-etí rẹ̀. Obìnrin kúkurú kan ni, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá etí rẹ̀ mú bíi pé ariwo ayé ti pọ̀ jù fún un. Mo tan ẹ̀rọ. Fíìmù gba orí àgbá kọjá láìkán, èérún rẹ̀ ń dà sílẹ̀ lẹ́yìn bí èérí ayùn. Orin bẹ̀rẹ̀. Ìwé ṣì ka fíìmù mọ́ ti Amóhùn, nítorí náà ìlẹ̀kùn-etí mi kò tì í. Níbi tó ti ga, ẹyẹ kékeré náà súfèé. Mo gbọ́ ọ. Mo ń ṣọ́ àgbá, mo ń ṣọ́ téèpù, mo sì ń gbọ́ ọ, mo mọ̀ pé òun ló máa gbẹ̀yìn. Nígbà tó tán, ohun tó wà lórí àgbá kejì kì í ṣe fíìmù mọ́, pàǹtí ni.

Màmá dìde, wọ́n sì kọ orin náà. Ìwé kò tíì yí padà, nítorí náà ẹ̀fọn ni èmi gbọ́. Ojú adájọ́ ni mo ń wò. Ó gbé orí sókè lójijì níbi tí orin ti ga, ó sì wo ẹnu Màmá, ó wo àárín eyín wọn.

“Ta ló buwọ́ lùwé pé ìyá yìí ti kú?”

“Èmi ni, Mà.”

“Ṣé o mọ̀ pé wọ́n wà láyé?”

Ṣeéfúnmi wò mí. Mo lè sọ pé mo wá orúkọ náà, n kò rí i. Ó wà nínú ìwé bẹ́ẹ̀.

“Mo mọ̀, Mà.”

Akọ̀wé mú abẹ́rẹ́ kan wá, ó tì í bọ etí mi ọ̀tún, lẹ́yìn náà ti òsì. Ó dún tẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gba ìwé iṣẹ́ mi. Wọ́n fún Màmá ní ìwé tiwọn: ohùn ọ̀rọ̀, Débórà, ohùn orin, Débórà. Kí ọjọ́ tó rọ̀, wọ́n ti sọ ikùn Amóhùn dòfìfo.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, Dókúnmú bá mi lọ sí ìjọ wọn. Ẹ̀yìn pátápátá la jókòó sí. Màmá di ọ̀pá mú, wọ́n dúró níwájú ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n sì la ẹnu. Gbogbo ìjọ mí kanlẹ̀. Bí àwọn àgbàlagbà ṣe ń wojú ara wọn, tí Ṣeéfúnmi sì fọwọ́ bo ẹnu, mo mọ̀ pé kì í ṣe orin ìwé orin. Mo wo ètè wọn. Orin ọlọ́kọ̀ ni.

Mo gbọ́ àga tó ń dún, mo gbọ́ àtẹ́wọ́, mo gbọ́ adìyẹ kan lẹ́yìn fèrèsé. Mo wo aago mi. Orin náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjìdínláàádọ́fà nínú fíìmù, ìṣẹ́jú mẹ́ta géérégé. Mo ń bá a lọ nínú mi, ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta pé. Ẹnu Màmá ṣì ń lọ. Wọ́n ti na ọ̀pá sí ẹ̀yìn, sí ọ̀dọ̀ wa, gbogbo ìjọ sì yí orí padà, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

“Kí ni wọ́n ń kọ?” mo bi Dókúnmú.

Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Dókúnmú, kí ni wọ́n ń kọ?”

“Orúkọ yín ni, Bọ̀dá. Wọ́n ti fi yín sínú orin.”

“Ṣé wọ́n ń yìn mí ni, àbí wọ́n ń bú mi?”

Ó tẹ́tí sílẹ̀ díẹ̀ sí i kó lè dá a lójú.

“Méjèèjì,” ó ní.